Kí ló dé tí iná neon inú fọ́tò àtijọ́ fi ń fa ojú wa bẹ́ẹ̀?

Ẹ BI ONÍFỌ́TÒ LÉÈRÈ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, ẹ̀yin ará Ketu, ẹ̀yin ará Sabe, ẹ kú òjò o. Mo ti fẹ́ dáhùn ìbéèrè nípa fọ́tò ìgbéyàwó lóṣù yìí, àmọ́ lẹ́tà mẹ́ta wọlé láti ìlú mẹ́ta, àfi bíi pé wọ́n jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, iná alẹ́ ni gbogbo wọn ń bi mí, pàápàá neon, iná tí wọ́n fi ọ̀pá gíláàsì tẹ̀ láti fi kọ orúkọ sára ilé. Ọ̀rọ̀ náà sì ti wà lọ́kàn èmi náà láti kékeré, torí náà ẹ jẹ́ kí ti ìgbéyàwó sinmi dìgbà míì.

ÌBÉÈRÈ LÁTI KETU

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá àgbà mi papò dà lọ́dún tó kọjá, wọ́n fi páálí kan sílẹ̀, inú ẹ̀ la ti rí káàdì tí ọ̀rẹ́ wọn kan ní Paris fi ń kí wọn láàárín 1955 sí 1962. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀, fọ́tò alẹ́ ni, iná pupa àti iná búlúù lára ilé sinimá, lára ilé kọfí, ilẹ̀ tútù, mọ́tò ń kọjá lọ ó ti di okùn funfun. Mo tẹ́ wọn sórí ẹní, mi ò lè gbójú kúrò. Ni mo bá gbé fóònù jáde lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo lọ ya àgbélébùú oníná aláwọ̀ ewé tó wà níwájú ilé oògùn àdúgbò wa. Ó mọ́ kedere, gbogbo nǹkan hàn, síbẹ̀ kò dùn ún wò. Mo fi ọ̀kan lára káàdì yẹn àti fọ́tò tèmi ránṣẹ́. Ṣé fóònù mi ni ò dáa ni, àbí ojú mi? — Ọmọ Ketu, ẹni ọdún 24"

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, ẹ kú ìsìnkú bàbá o, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Ojú ẹ ò ṣe nǹkan kan, fóònù ẹ náà ò bàjẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé fóònù ẹ ò jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú.

Mo gbé fọ́tò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú tìẹ, mo rí àgbélébùú, mo rí ògiri, mo rí wáyà, mo rí zẹ́mì kan tó jókòó sórí ọ̀kadà ẹ̀, mo tiẹ̀ rí ike omi tí wọ́n jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Nínú káàdì, ẹnu ọ̀nà ilé sinimá kan ni, díẹ̀ ló sì hàn, ó ju ìlàjì lọ tó jẹ́ òkùnkùn biribiri. Wá mú iná pupa yẹn sún mọ́ ojú. Àárín ọ̀pá gíláàsì náà kì í ṣe pupa o, ó ti funfun, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló pupa, pupa yẹn wá ń tú jáde bí èéfín sára ògiri, lẹ́yìn náà ó sọ̀kalẹ̀ sórí títì tí òjò ti pa, ó gùn nílẹ̀ ju bó ṣe gùn lókè lọ, ẹsẹ̀ ọkùnrin kan tó gbé agbòòrùn wá gé e sí méjì. Ibẹ̀ yẹn ni adùn ẹ̀ wà. Ojú wa ò rí púpọ̀, ìwọ̀nba tó rí ló ń mú un wá èyí tí ò rí kiri.

Fíìmù ìgbà náà ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Kodachrome, fíìmù aláwọ̀ iléeṣẹ́ Kodak tó jáde fún kámẹ́rà kékeré ní 1936, ISO ẹ̀ (nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe tètè ń gba iná tó) ò ju bíi 10 lọ, kódà nígbà tí Kodachrome II fi máa dé ní 1961, 25 péré ni. Fóònù ẹ lè gun 3200 lálẹ́ láì bi ọ́ léèrè. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé iná tí fóònù ẹ gbà láàárín ìdá kan nínú 30 sẹ́kọ́ńdì kan, fíìmù yẹn á lò ju sẹ́kọ́ńdì 10 lọ kó tó gbà á, bí ojú lẹ́ǹsì méjèèjì bá fẹ̀ bákan náà, tó bá sì ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ fíìmù náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, kò ní lè gba iná dáadáa mọ́, onífọ́tò á tún ní láti fi àkókò kún un. Ìwọ rò ó wò. Nínú sẹ́kọ́ńdì 10, ẹni tó ń rìn lọ á pòórá, mọ́tò á di okùn, ewé igi tí atẹ́gùn ń fẹ́ á di owú, iná neon nìkan ló máa dúró jẹ́ẹ́ níbi tó wà. Ohun tó o rò pé ọgbọ́n ayàwòrán ni, sùúrù ni, ó dúró síbẹ̀, ó ń kà á lọ́kàn.

Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Brassaï, 1899 ni wọ́n bí i ní ìlú Brassó tó bọ́ sí Romania báyìí, àmọ́ Paris ló ti ṣiṣẹ́, ìwé fọ́tò alẹ́ ẹ̀ sì jáde ní 1933. Tó bá ti gbé kámẹ́rà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tó ṣí ojú ẹ̀, á dáná sí sìgá. Sìgá yẹn ni aago ẹ̀. Irú kan fún ibi tí iná wà díẹ̀, irú tó tóbi jù ú lọ fún ibi tó ṣókùnkùn. Mo máa ń rí i lọ́kàn mi, òtútù ń mú, ìrì ń sẹ̀, ọkùnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà láàárín òru ó ń mu sìgá jẹ́jẹ́, kò gbọ́dọ̀ yára mu ún, torí tó bá yára mu ún fọ́tò bàjẹ́. (Ẹ má mu sìgá nítorí tèmi o, aago wà lára fóònù.)

Ti Brassaï, dúdú àti funfun nìyẹn. Nígbà tí fíìmù aláwọ̀ dé ọwọ́ àwọn ènìyàn ni iná neon wá di ọba nínú fọ́tò. Ernst Haas, ọmọ Austria, kó lọ sí New York ní 1951, nígbà tó di 1953 ìwé ìròyìn Life fún un ní ojú ìwé 24 fún fọ́tò aláwọ̀ tó yà nípa ìlú náà. William Klein ní tiẹ̀ ṣe fíìmù kúkurú kan ní 1958 tí ò sí nǹkan míì nínú ẹ̀ ju iná pátákó òpópónà Broadway ní New York lọ. Àmọ́ tó o bá bi mí, Saul Leiter ni tèmi. Láti bíi 1948 ló ti ń ya New York ní aláwọ̀, ó máa ń ya ìta láti inú gíláàsì tí omi ti bò, o ò ní mọ ohun tí pátákó náà kọ, o kàn máa rí pupa kan tó ń yọ́ bí epo pupa nínú àwo gbígbóná, èjìká ẹnì kan ń kọjá níwájú ẹ̀. Las Vegas ńkọ́? Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló lókìkí jù, pátákó tí Betty Willis ṣe ní 1959 tó ń kí àlejò káàbọ̀ ṣì dúró níbẹ̀ dòní. Iná ti pọ̀ jù níbẹ̀ fún mi, òkùnkùn ò ráyè jókòó.

Wá tún gbọ́ èyí, torí ó ṣe pàtàkì. Àgbélébùú ilé oògùn yẹn, LED ni. LED, ẹyọ iná kéékèèké ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀ ń ju iná síwájú bíi tọ́ọ̀ṣì, ó ń gún ojú. Ọ̀pá neon ń tàn yíká ara ẹ̀ ni, iwájú, ẹ̀yìn, òkè, ìsàlẹ̀, ògiri tó wà lẹ́yìn ẹ̀ náà ń mu nínú ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé ó ń mí. Inú fíìmù náà tún ní ọwọ́ tiẹ̀: iná tó bá le á la ojú fíìmù kọjá, á kan ẹ̀yìn ẹ̀, á sì padà, nígbà tó ń padà ló ń fi òrùka tó rọ̀ yẹn sílẹ̀ yíká iná. Fíìmù kan ń ṣe é ju òmíì lọ. Àṣìṣe ni wọ́n kà á sí níléeṣẹ́ fíìmù, wọ́n ń kun ẹ̀yìn fíìmù ní dúdú kó má baà ṣẹlẹ̀, èmi sì dúpẹ́ pé kò tán pátápátá.

Ohun tí wàá ṣe nìyí. Pa ètò alẹ́ inú fóònù ẹ yẹn, èyí tó ń kó fọ́tò púpọ̀ jọ kó lè sọ òru di ọ̀sán. Fi ìka tẹ ibi tí iná wà lójú fóònù, kó o sì fà á wálẹ̀ kí gbogbo ẹ̀ máa dúdú títí wàá fi rí àwọ̀ iná náà gan-an, má bẹ̀rù òkùnkùn tó yí i ká. Fi ẹ̀yìn ti ògiri, fi aago sẹ́kọ́ńdì 3 sí i kí ọwọ́ ẹ má baà mì ín. Kó o sì jáde lásìkò: kó tó ṣú tán ló dáa jù, nígbà tí ojú ọ̀run ṣì ní búlúù díẹ̀, kí orí ilé lè yàtọ̀ sí sánmà. Ní Paris, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, búlúù yẹn lè tó 40 ìṣẹ́jú. Lọ́dọ̀ wa, bí oòrùn bá ti wọ̀, kò ju bíi 20 ìṣẹ́jú lọ, ilẹ̀ ti ṣú, torí náà mọ ibi tó o máa dúró sí látọ̀sán. Tí òjò bá sì rọ̀ nírọ̀lẹ́, fi oúnjẹ sílẹ̀ kó o jáde.

Tí o ò bá tiẹ̀ rí pátákó oníná kankan, wá àwọn ìyá tó ń tajà alẹ́. Ní Àjàṣẹ́ níbí, nígbà tí mo ṣì ń fọ fíìmù fúnra mi, mo ya ìyá alákàrà kan tó gbé àtùpà sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, iná àtùpà yẹn ò ju orí ìka lọ, ó kan gba ìsàlẹ̀ àgbọ̀n ẹ̀, ó kan gba ẹ̀gbẹ́ gèlè ẹ̀, ó kan eteetí àkàrà tó léfòó, ibi tó kù dúdú. Ìyá náà wo fọ́tò ọ̀hún, ó ní "ṣé bí mo ṣe ń rí nìyí lálẹ́?" Ó gbà á lọ́wọ́ mi, kò dá a padà. Ìlú tìẹ kì í kúkú ṣe ìlú tí fọ́tò ò sí, Rachidi Bissiriou tó ya àwọn ènìyàn Ketu ní dúdú àti funfun láti ìparí àwọn ọdún 1960, ọmọ yín ni.

ÌBÉÈRÈ LÁTI SABE

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa dá sí i. Ọkọ mi ní iná gbọọrọ funfun tó wà ní àjà ṣọ́ọ̀bù mi ló ń jẹ́ neon, èmi ní rárá, neon ni iná pupa tó ń kọ orúkọ nínú fọ́tò àwọn òyìnbó. Ta ló jàre? — Onídìrí kan, Sabe"

ÌDÁHÙN

Ìyàwó wa, ìwọ lo jàre, àmọ́ má fi ṣe ọkọ ẹ yẹ̀yẹ́, gbogbo wa la ń pè é bẹ́ẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, tó o bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan iná tó o ní neon, ọ̀pá funfun yẹn ni wọ́n máa gbé fún ọ. Kò sí neon nínú ẹ̀. Gáàsì argon àti mercury díẹ̀ ló wà níbẹ̀, mercury yẹn ń tan iná kan tí ojú wa ò lè rí, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi kun inú ọ̀pá náà ló ń sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀.

Neon gan-an, gáàsì ni, inú atẹ́gùn tí à ń mí yìí ló wà, ṣùgbọ́n kò pọ̀ rárá, bíi 18 nínú mílíọ̀nù kan. William Ramsay àti Morris Travers ló kọ́kọ́ rí i ní London ní 1898. Georges Claude, ará Faransé, tó ń sọ atẹ́gùn di omi kó lè yọ gáàsì inú ẹ̀ tà, òun ló kó o sínú ọ̀pá gíláàsì tó sì gbé e síta fún aráyé wò níbi ìpàtẹ mọ́tò ní Paris ní oṣù December 1910. Ibi tí mo fẹ́ kó o gbọ́ dáadáa nìyí: pátákó neon àkọ́kọ́ tí wọ́n tà, ilé onígbàjámọ̀ ni wọ́n gbé e kọ́ sí, ní Paris, ní 1912. Àwọn tó ń tún orí ṣe bíi tìẹ ló kọ́kọ́ gbà á.

Pupa tó fẹ́ jọ ọsàn tó pọ́n ni neon máa ń yọ, òun nìkan. Tó o bá rí búlúù, argon àti ẹ̀kán mercury ni, tó o bá rí ewé tàbí àwọ̀ míì, wọ́n ti kun inú gíláàsì ni tàbí gíláàsì náà ló ní àwọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń tẹ̀ ẹ́ o. Ẹni tó ń ṣe é á gbé ọ̀pá gíláàsì sórí iná títí á fi rọ̀ bí iṣu tó jinná jù, á fi rọ́bà kan sẹ́nu, á máa fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó má baà wọlé síra, ọwọ́ ẹ̀ á sì máa tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ lé ìwé tí wọ́n ya lẹ́tà sí. Láàárín lẹ́tà sí lẹ́tà, ọ̀pá náà ò já, wọ́n kàn ń fi ọ̀dà dúdú bo ibi tí wọn ò fẹ́ kó tàn ni. Wọ́n á fa atẹ́gùn inú ẹ̀ jáde, wọ́n á fi gáàsì díẹ̀ rọ́pò, wọ́n á dì í pa, iná tó lè tó 15,000 volt á wá gba inú ẹ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn tí orúkọ tí wọ́n fi neon kọ fi máa ń dà bí ìkọ̀wé ọwọ́ ènìyàn. Wo fọ́tò àtijọ́ dáadáa, wàá rí i pé "a" kan ò jọ "a" kejì.

ÌBÉÈRÈ LÁTI ÀJÀṢẸ́

"Bàbá mi kàwé ní Paris láti 1957 sí 1960, wọ́n kó díápò bíi ọgọ́rùn-ún bọ̀ wálé, àwọn fíìmù kéékèèké tí wọ́n fi páálí ká létí. Iná alẹ́ ló pọ̀ nínú ẹ̀. Àwọn kan ṣì dán, àwọn kan ti pupa ráúráú, àwọn kan ti bu. Bàbá ṣì wà láyé, àmọ́ ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Kí ni mo lè ṣe? — Ìyá Ìbejì"

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ẹ má fi omi fọ ọ̀kankan, ẹ má fi aṣọ nù ún, jọ̀wọ́. Ìgbà kan wà tí mo gbé fíìmù mi fún ilé fọ́tò kan kí wọ́n bá mi gbọn eruku ara ẹ̀, aṣọ gbígbẹ ni wọ́n fi nù ún, gbogbo ojú ẹ̀ ló há, alẹ́ ọdún méjì ló bá a lọ.

Ẹ wo páálí tó wà létí ẹ̀ ná. Èyí tí wọ́n kọ Kodachrome sí, òun ló ṣeé ṣe kó ṣì dán, fíìmù yẹn máa ń pẹ́ gan-an tó bá wà nínú òkùnkùn, iná ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tàn án sára ògiri ló máa ń pa á. Torí náà ẹ má tàn án sára ògiri fún àwọn ọmọ wò, bó ti wù kí wọ́n bẹ̀ yín tó. Àwọn tó pupa, irú fíìmù míì ni: àwọ̀ mẹ́ta ló wà nínú fíìmù, èyí tó jẹ́ búlúù-ewé ló kọ́kọ́ ṣá lọ, pupa ló kù. Ó wá dùn mí pé pátákó tí bàbá yà ní búlúù lè ti jọ pupa báyìí, ẹ má tíì gbà pé gbogbo iná inú ẹ̀ ló pupa.

Àjàṣẹ́ wa yìí, ọ̀sà wà nítòsí, ọ̀rinrin pọ̀, òun ló ń mú wọn bu. Ẹ ya àwọn tó bu sọ́tọ̀ kó má baà ran àwọn tó kù. Ẹ kó wọn kúrò nínú ọ̀rá, ẹ kó wọn sínú páálí tó mọ́ nínú àpótí tó dé dáadáa, kí ẹ fi àwọn àpò kéékèèké tó ń fa omi yẹn sí i, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, kí ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀. Yàrá tó tutù jù nínú ilé ni kó wà, kì í ṣe orí àjà. Etí páálí ni kí ẹ máa dì mú, kí ìka má kan fíìmù. Tí ẹ bá fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wò wọ́n, École du Patrimoine Africain wà nínú ìlú wa níbí, láti 1998 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ohun àtijọ́.

Kí ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ kọ́kọ́ ya ẹ̀dà wọn. Ẹ ṣí ojú tábúlẹ́ẹ̀tì kan kó funfun báláú, ẹ gbé gíláàsì mímọ́ sókè ẹ̀ díẹ̀ kí àmì ojú tábúlẹ́ẹ̀tì má baà hàn, ẹ gbé díápò lé gíláàsì náà, ẹ pa iná yàrá, ẹ wá fi fóònù yà á láti òkè gbọọrọ. Ó tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ lọ jókòó ti bàbá. Ẹ gbé ọ̀kan dání, ẹ máa ka ohun tí ẹ rí sí wọn létí: "iná kan wà lápá òsì, ó kọ C, I, N... ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ igi kan wà, obìnrin kan dúró." Wọ́n á sọ orúkọ òpópónà náà fún yín, wọ́n á sọ ẹni tí obìnrin yẹn jẹ́, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí etí páálí rẹ̀, ní Yorùbá, kí ẹ tó gbé ìkejì.